Igi Kérésì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fọwọ́ Kàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kàbà ló mọ Tíṣà Tinúkẹ́ Bámigbóyè, ṣùgbọ́n bí o bá ní kí wọ́n júwe rẹ̀ fún ọ, wọn ò ní sọ bóyá ó ga tàbí ó kúrú. Wọ́n á ní, "Ìyá tó máa ń ṣa nǹkan nílẹ̀ yẹn." Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. N kò tíì rí ọjọ́ kan tí obìnrin yìí lọ sọ́jà tó sì padà láìní ohun tí ẹlòmíràn ti sọ nù nínú àpò rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ọsàn, òun ló ń kó èèpo rẹ̀. Ẹni tó bá se ìgbín, òun ló ń tọrọ ìkarahun. Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé e ti mọ̀ pé bí ó bá ní kí wọ́n dúró lójú ọ̀nà, kì í ṣe pé ó ti dé ibi tó ń lọ, ìyẹ́ ẹtù ló rí nílẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́-ọwọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti Ìyàrà dé Ògìdì, kó tó wá parí rẹ̀ sí Kàbà. Ó kọ́ èmi náà. Rejoice ni orúkọ mi, akọ̀wé ni mí ní ìjọba ìbílẹ̀, èmi náà sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ọ̀ṣọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọdún tí Tíṣà fẹ̀yìntì ni wọ́n yọ iṣẹ́-ọwọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n fi kọ̀ǹpútà rọ́pò rẹ̀. Ilé-ìwé náà kò ní iná, kò sì ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wọ́n ń ya kọ̀ǹpútà sójú pátákó, àwọn ọmọ sì ń fi ìka tẹ̀ ẹ́. Tíṣà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ wálé, ó sì sọ yàrá tí ọkọ rẹ̀ olóògbé máa ń sùn di ilé-iṣẹ́.

Ẹ ò ní mọ ohun tó ń jẹ́ ilé-iṣẹ́ àfi bí ẹ bá wọ yàrá yẹn. Àpò ìkarahun ìgbín kan wà ní kọ̀rọ̀, àpò háríhá àgbàdo méjì wà lórí ibùsùn tí ó yẹ kí ènìyàn máa sùn lé, ṣùkù àgbàdo tó ti gbẹ kún abẹ́ rẹ̀. Òwú wà, akèrègbè wà, kóró kájú wà, mọ̀rìwò ọ̀pẹ sì ń gbẹ lójú fèrèsé. Gbogbo rẹ̀ ló ní ètò. Bí o bá ní kó fún ọ ní ìyẹ́ ẹyẹlé funfun, ojú kan náà ni yóò ti na ọwọ́ mú un.

Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, obìnrin tó ń jẹ́ Bọ́ládé, kò rí ètò kankan níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà ni Bọ́ládé ní Lọ́kọ́ja. Ó ti kà á lórí fóònù rẹ̀ pé arúgbó tó bá ń kó pàǹtírí jọ, ọpọlọ rẹ̀ ló ti ń jò díẹ̀díẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti kà á ni ara kò ti rọ̀ ọ́ mọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, ó wá láti Lọ́kọ́ja, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó sì dá ẹjọ́.

"Màámi, ó tó gẹ́ẹ́. Lẹ́yìn Kérésì, n óò wá kó gbogbo èyí dànù, ẹ ó sì bá mi lọ sílé. Yàrá kan wà fún yín ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Táìsì ni ilẹ̀ rẹ̀."

"Kí ni n óò máa ṣe lórí táìsì?"

"Ẹ ó máa sinmi."

Tíṣà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ ìsinmi yẹn ló ba òun lẹ́rù jù. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ọmọ wọn mú lọ sinmi ní ìlú ńlá, inú pósí ni wọ́n ti padà wá sí Kàbà.

Oṣù kan náà ni ìgbìmọ̀ ọ̀ṣọ́ wa ṣe ìpàdé lórí igi Kérésì. A ní igi oníke kan tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú àwọn bọ́ọ̀lù aláwọ̀ wúrà àti áńgẹ́lì oníke tí ojú rẹ̀ dà bíi ti òyìnbó tó ń ṣe ibà. Eku ti jẹ ìdí igi náà, àwọn bọ́ọ̀lù ti fọ́, áńgẹ́lì kò sì ní orí mọ́. Kò sówó láti ra òmíràn. Bí owó kò ti sí, gbogbo wa rántí àṣà àwọn baba wa lọ́wọ́ kan. Pásítọ̀ Philip ní òun gbọ́ ní àpérò kan pé ohun ìbílẹ̀ ló ń yin Ọlọ́run lógo jù. Alága wa, Bàbá Gbádéyan, béèrè bóyá ohun ìbílẹ̀ náà ń gba owó. A ní rárá. Ó ní nígbà náà, Ẹ̀mí Mímọ́ ló sọ ọ́.

Wọ́n rán mi sí Tíṣà. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Ó pe Bọ́ládé lórí fóònù níṣojú mi.

"Ṣọ́ọ̀ṣì ló ní kí n ṣe ọ̀ṣọ́ igi Kérésì o. Pẹ̀lú pàǹtírí mi."

Bọ́ládé kì í ṣe ọmọ burúkú, ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. "Ó dáa, Màámi. Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Bí ìjọ bá gba iṣẹ́ yín tọwọ́ tẹsẹ̀, n ò ní fọwọ́ kan yàrá yín mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ ó bá mi lọ láì jiyàn."

"Mo gbà," ni Tíṣà wí. Ó fi fóònù sílẹ̀, ó sì fa àpò ìkarahun ìgbín jáde. Ó ti wá hàn sí èmi náà pé igi ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni yóò sọ bóyá obìnrin náà yóò kú sí ilé ara rẹ̀ tàbí sórí táìsì.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi ṣe é. Mo máa ń yà níbẹ̀ bí mo bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, n óò sì bá òun àti Àsíyátù tó ń ta àgbàdo àti ọkà bàbà ní ọjà, tí ilé wọn jọ kọjú síra. Mùsùlùmí ni Àsíyátù. Òun ló ń fi háríhá ránṣẹ́, àpò lórí àpò, nítorí ó ní ó sàn kí Tíṣà rí i lò ju kí ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Tíṣà a rẹ háríhá sínú omi kó lè rọ̀, a wá gé e, a dì í mọ́ ara ṣùkù àgbàdo, yóò di ẹ̀wù áńgẹ́lì. Òwú ni irun orí. Ìyẹ́ ẹtù ni ìyẹ́ apá. Ó hun mọ̀rìwò di ìràwọ̀ onígun márùn-ún, ó sì fi ìkarahun ìgbín kọ̀ọ̀kan sí àárín wọn kó lè máa dán. Àgogo ni ó fi akèrègbè kéékèèké ṣe. Nítorí pé pupa ni àwọ̀ Kérésì, ó po osùn, ó fi kun ibi tó yẹ kó pupa, ó sì ya aṣọ akọrin àtijọ́ tó ti gbó sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ń so wọ́n rọ̀.

Ní ọjọ́ kan, Àsíyátù gbé ọ̀kan nínú àwọn ìràwọ̀ náà sókè. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì kí i ní kíkí ilẹ̀ wa.

"Tíṣà, okun iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ rí ohun tí nǹkan yìí jọ?"

"Ó jọ ìràwọ̀."

"Ìràwọ̀ ni. Mo kàn ní kí n bi yín ni." Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró.

Èmi náà rí ohun tó jọ, mo dákẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lọ sóko rí ní ilẹ̀ wa mọ̀ ọ́n. Bí o bá fẹ́ kí olè fi iṣu rẹ sílẹ̀, tàbí igi ìdáná tí o kó jọ sẹ́bàá ọ̀nà, o ó fi ààlè sí i: o ó so ìkarahun ìgbín rọ̀, tàbí ṣùkù àgbàdo, tàbí mọ̀rìwò, pẹ̀lú àkísà pupa. Kò di dandan kí o kọ ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀. Ẹni tó bá rí i ti gbọ́. Bí ó bá mú nǹkan rẹ, kí ayé rẹ̀ ṣófo bí ìkarahun yẹn ti ṣófo, kí ó gbẹ bí ṣùkù yẹn ti gbẹ. Tíṣà pàápàá mọ ààlè. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù tó ti ń wo àwọn nǹkan wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ohun ẹlẹ́wà, ojú rẹ̀ kò rí èyí tí ojú tiwa ń rí mọ́.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá ni a gbé igi náà kalẹ̀. Ẹ̀ka dóńgóyárò ńlá kan ni, a rì í mọ́ inú bàkẹ́ẹ̀tì oníyanrìn níwájú pẹpẹ. Tíṣà so gbogbo nǹkan rẹ̀ rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dúró lókèèrè, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kejì, ìjọ wọlé pẹ̀lú orin. Orin náà dé ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì, ó kú. Àwọn tó máa ń jà du ìjókòó iwájú rí i lójijì pé atẹ́gùn dára lẹ́yìn. Àga mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣófo gbáá. Ìyá kan tí ó máa ń kígbe "Ẹ̀jẹ̀ Jésù" nígbà tí aláǹgbá kékeré bá kọjá, wo igi náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì kó gbogbo ọmọ ọmọ rẹ̀ sábẹ́ apá. Pásítọ̀ Philip wàásù lórí àìbẹ̀rù fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Tíṣà jókòó nìkan ní iwájú. Ó rò pé wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un láti bu ọlá fún un ni.

N kò tíì sọ ti ẹ̀bùn abẹ́ igi fún yín. Láti Sọ́ńdè yẹn títí di ọjọ́ Kérésì, ìjọ wa máa ń kó ẹ̀bùn sábẹ́ igi fún àwọn opó: ìrẹsì, iyọ̀, ọṣẹ, aṣọ, wàrà inú agolo. Lọ́dọọdún ni ẹ̀bùn náà máa ń pọ̀ ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́, lọ́dọọdún náà ló sì máa ń joro, tó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ Kérésì, opó kọ̀ọ̀kan yóò gba ọṣẹ kan àti àdúrà gígùn. Eku ni wọ́n máa ń ní ó jẹ ẹ́. Èmi náà ni mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ìgbìmọ̀ pé eku ni. Eku tó ń jẹ ìrẹsì, tó ń jẹ ọ̀pá ańkárá mẹ́fà, tó sì ń gbé agolo wàrà lọ láìfi eyín kàn án. Bàbá Gbádéyan ló ń mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Kí n má purọ́, ọdún kan wà tí èmi náà mú ọṣẹ méjì. Mo ní àwọn opó náà kò ní mọ̀, wọn ò sì mọ̀.

Lọ́dún yẹn, àwọn ènìyàn kó ẹ̀bùn wá bí wọ́n ti ń ṣe. Wọ́n dúró lókèèrè, wọ́n tì í síwájú díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀, tàbí wọ́n sọ ọ́ síbẹ̀ tí wọ́n sì yára yíjú padà. Ní Sọ́ńdè kejì, mo wò ó, kò dín. Ní Sọ́ńdè kẹta, ó ti ga dé ìbàdí ènìyàn. Wàrà wà níbẹ̀, ańkárá wà níbẹ̀. Eku Kàbà ti ronú pìwà dà.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ ni Bàbá Gbádéyan. Ó pe ìpàdé pàjáwìrì ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Ó ní ohun abọ̀rìṣà ti wọ ilé Ọlọ́run. Ó ní òun kò lè sùn mọ́.

"Alága, kí ló jọ lójú yín?" ni Tíṣà béèrè. Wọ́n ti pè é wá láti wá sọ tẹnu rẹ̀.

"Ààlè ni, Tíṣà. Gbogbo wa la mọ ààlè."

"Àgogo nìyẹn. Áńgẹ́lì nìyí. Èyí tó wà lókè yẹn, ìràwọ̀ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni. Àti pé kí ni ààlè ń ṣe fún ẹni tí kò fẹ́ mú nǹkan?"

Mo wo ìwé tó wà níwájú mi, mo sì ń kọ déètì sí i lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá Gbádéyan wúkọ́, ó ní ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ká dìbò. Gbogbo ọwọ́ ló sókè pé kí igi náà kúrò. Ọwọ́ mi wà lára wọn. Tíṣà wò mí nígbà tí mo na ọwọ́ náà, ó sì so ìborùn rẹ̀ le.

Ó wá ku ẹni tí yóò tú u. Pásítọ̀ ní iṣẹ́ tòun ni àdúrà, ti ìgbìmọ̀ ni kí wọ́n gbé nǹkan. Bàbá Gbádéyan ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹni tó ti ru ogún iṣu wálé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Olórí akọrin ní òun kì í gun àga, bẹ́ẹ̀ igi náà kò ga ju òun lọ. Olórí àwọn obìnrin ní aṣọ funfun ni òun wọ̀. Wọ́n ní kí èmi tú u, mo ní bí mo bá tú u, ta ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n tú u? Wọ́n wá bẹ Tíṣà pé kó fọwọ́ ara rẹ̀ tú u.

"Èmi tí mo so ó kò rí ohun tó ṣe," ni ó wí. "Ẹ̀yin tí ẹ rí i, ẹ tú u."

Ẹnìkan dá a lábàá pé ká lọ pe Àsíyátù, pé nǹkan kò ní lè mú un, Mùsùlùmí ṣá ni. Èmi ni wọ́n rán. Àsíyátù ń fẹ́ ọkà bàbà lójú afẹ́fẹ́. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó sì gbé igbá sílẹ̀.

"Rejoice, okun o. Wá lọ sọ fún wọn pé ẹ̀yin tí ẹ ní igi náà lẹ ń bẹ̀rù rẹ̀. Èmi tí n kò ní in, ṣé èmi ni kó kọ́kọ́ pa?"

Báyìí ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìgbìmọ̀, ó wà níbẹ̀ dòní: "A fẹnu kò pé kí igi náà kúrò. A kò fẹnu kò lórí ẹni tí yóò mú un kúrò."

Nítorí náà, ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Kérésì. Àwọn opó mẹ́rìnlá mú ọ̀rá kéékèèké wá bí wọ́n ti máa ń ṣe, nítorí wọ́n mọ bí ẹ̀bùn wa ti máa ń rí. Tíṣà nìkan ló lè dé abẹ́ igi, òun ló sì ń fún wọn. Ìrẹsì kún ọ̀rá, ó yọ. Wọ́n tú gèlè, wọ́n fi di ẹrù. Opó kan láti Ẹ̀kìnrìn-Àdé tí ó fẹ́ ọkọ sí ọ̀dọ̀ wa jókòó sórí àpò ìrẹsì tirẹ̀, ó sì ń sunkún láìbo ojú. Pásítọ̀ Philip gba gbohùngbohùn, ó ní Ọlọ́run ti lé eku jáde ní Kàbà. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Àmín ti Bàbá Gbádéyan kò lọ sókè.

Bọ́ládé wà lẹ́yìn pátápátá. Ó ti dé láti ọjọ́ tó ṣáájú. Lẹ́yìn ìsìn, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ànńtí Rejoice, sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé ìjọ gba iṣẹ́ Màámi?"

Mo lè purọ́. Mo ti ń purọ́ eku láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, n kò mọ ìdí tí òtítọ́ fi wá wù mí ní ọjọ́ yẹn. Mo ní ìgbìmọ̀ ti dìbò pé kí wọ́n yọ igi náà, wọn ò kàn rí ẹni tí yóò yọ ọ́ ni. Ojú Bọ́ládé rọ̀. Ó ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣeun. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì Kérésì, ó mú géńdé méjì wá láti gáréèjì. Ọ̀kan ń jẹ́ Destiny, èkejì ń jẹ́ Ùsámà. Mo lọ síbẹ̀ nítorí pé ẹ̀rí-ọkàn kò jẹ́ kí n jókòó. Tíṣà wà lórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ aṣọ ìrìn-àjò, báàgì rẹ̀ kékeré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún ọmọ rẹ̀, kò sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́. Ó kí mi ní ṣókí. Ojú rẹ̀ ti wú.

Àwọn géńdé náà wọ inú ilé lọ pẹ̀lú ariwo. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ariwo dá. Wọ́n jáde, àpò òfìfo wọn wà lọ́wọ́.

"Nọ́ọ̀sì, a ò ní lè ṣe iṣẹ́ yìí," ni Destiny wí.

"Kí ló dé?"

"Nǹkan kan wà lẹ́nu ọ̀nà."

Ùsámà ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí, wọ́n fẹnu kò lójú ẹsẹ̀, wọn kò tilẹ̀ béèrè owó ọkọ̀. Wọ́n gun ọ̀kadà kan ṣoṣo, wọ́n lọ.

Gbogbo wa wọlé lọ wò ó. Áńgẹ́lì kan ni, ọ̀kan tí Tíṣà ṣe kù tí ó fi kọ́ sórí ìṣó ẹnu ọ̀nà yàrá náà kí osùn rẹ̀ lè gbẹ. Ó ń yí díẹ̀díẹ̀ nínú atẹ́gùn, ṣùkù àgbàdo nínú ẹ̀wù háríhá, ìyẹ́ ẹtù méjì lẹ́yìn rẹ̀.

Bọ́ládé rẹ́rìn-ín. Ó ní àìmọ̀wé ń dààmú wọn. Ó ní òun fúnra òun yóò kó o. Ó na ọwọ́ sí áńgẹ́lì náà. Ọwọ́ ọ̀hún dé ìdajì ọ̀nà, ó yà, ó lọ ń tún gèlè ṣe. Ó tún nà án. Gèlè tún fẹ́ tú.

"Màámi, ẹ kọ́kọ́ mú un kúrò níbẹ̀ fún mi."

"Kí ni ń bẹ níbẹ̀?"

"Ẹ ṣáà mú un kúrò."

"Bọ́ládé, ìwọ tí o ń wẹ òkú ní ọsibítù, ṣùkù àgbàdo ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

"Ẹ̀rù kò bà mí." Ó ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó ń sọ ọ́. "Ṣé ẹ ò ní mú un kúrò ni?"

"Mo ní n óò bá ọ lọ, mo ṣe tán, báàgì mi nìyẹn. N kò ṣèlérí pé èmi ni n óò bá ọ kó iṣẹ́ ọwọ́ mi dànù. Kó o, ká máa lọ."

Wọ́n wo ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Bọ́ládé ló kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Ó ní táìsì yàrá òkè yẹn máa ń yọ̀ lóòótọ́ bí omi bá dà sí i, àgbàlagbà lè ṣubú níbẹ̀. Ó lọ sí Lọ́kọ́ja ní ọjọ́ kejì, òun nìkan. Tíṣà bọ́ aṣọ ìrìn-àjò, ó sì se ẹ̀wà.

Ẹ ó rò pé ibẹ̀ ni inú rẹ̀ ti dùn. Ó dùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ọdún tuntun, Bàbá Gbádéyan dé. Ó kí i dáadáa, ó bi í léèrè àlàáfíà, ó tilẹ̀ pè é ní "Ma". Ó ní òun fẹ́ ìràwọ̀ kan, kó tóbi díẹ̀.

"Igi Kérésì wo lẹ fẹ́ so ó mọ́ ní oṣù kìíní?"

"Abà iṣu ni, Ma. Àwọn olè ti pọ̀ jù ní ìlú yìí."

Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Tíṣà là á yé e pé ìràwọ̀ ni òun ń ṣe, pé òun kò pe ọ̀rọ̀ kankan sí i, pé kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

"A mọ̀, Ma," ni Bàbá Gbádéyan wí, ó sì ṣẹ́jú. "Ìràwọ̀ náà gan-an la fẹ́."

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ní oko kájú dé. Ẹni tó ń ta epo bẹntiróòlù inú jẹ́ríkàn dé. Pásítọ̀ Philip ránṣẹ́ pé bí áńgẹ́lì kékeré kan bá ṣẹ́kù, àwọn kan ń já ọsàn òun. Ó fún gbogbo wọn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ ọwọ́, kò sí ẹni tó wá kan ilẹ̀kùn béèrè fún un rí, kò mọ bí a ti ń kọ̀. Bí o bá gba ọ̀nà Ẹ̀kìnrìn-Àdé lónìí, wàá rí ìràwọ̀ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lára igi kájú títí ojú rẹ á fi sú, wàá sì rí àwọn ènìyàn tí ń sá gba òdìkejì ọ̀nà. Ìjọ ti pinnu pé òun ni yóò máa ṣe igi Kérésì lọ títí láé. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo yà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní oṣù tó kọjá. Ó jókòó láàárín àwọn àpò rẹ̀, ó ń hun mọ̀rìwò, kò sì kọrin bí ó ti máa ń ṣe. Mo ní kó máa dúpẹ́, ó ti borí gbogbo wọn.

"Ó dùn mí, Rejoice," ni ó wí. "Wọn ò wò ó. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó wò ó."

Ó dìde, ó yọ áńgẹ́lì ẹnu ọ̀nà náà kúrò lórí ìṣó, ó sì gbé e wá síwájú mi. "Ìwọ ọmọ tí mo kọ́. Wò ó dáadáa, kí o sì sọ fún mi bóyá ó rẹwà."

Mo wò ó. Ó ti ya háríhá náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó sì ká a ní ìpele ìpele, tó fi jẹ́ pé ẹ̀wù náà ń mì bí ẹni pé ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ni. Àwọn tóótòòtó funfun ara ìyẹ́ ẹtù náà tò lọ láì yà. N kò tíì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn ṣe ní Kàbà yìí.

"Ó rẹwà, Ma," ni mo wí, òtítọ́ inú mi sì ni.

Ojú rẹ̀ tàn. "Nígbà náà, gbà á. Tìrẹ ni. Gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọwọ́ mi méjèèjì wà lẹ́yìn mi.

"Ma, ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbí ná," ni mo wí. "N óò padà wá mú un."

Ó wo apá mi títí. Lẹ́yìn náà ó gbé áńgẹ́lì náà padà sórí ìṣó, ó sì bi mí bóyá n óò jẹun kí n tó máa lọ.